Ṣé Ó Yẹ Kí Ẹ Ra Tábìlì Ìpààrọ̀ Páńpáàsì? Bí Ẹ Ṣe Lè Pinnu Kí Owó Tó Jáde

Bí oyún bá ti wọ oṣù keje, ọ̀rọ̀ ẹrù ìkókó ló máa ń gba ẹnu gbogbo ilé. Ọ̀rẹ́ á fi àkójọ ohun tí òun rà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àbúrò tó wà ní London á ya fọ́tò yàrá ọmọ tirẹ̀ wá. Ẹni tó ń ta ẹrù ọmọ lọ́jà á ní kò sí èyí tí ẹ lè fò nínú wọn. Láàárín kọ́ọ̀tù tí ọmọ ń sùn sí, báàfù ọmọ àti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń tì í kiri, ẹ ó rí tábìlì gíga kan tó ní etí, tí wọ́n tẹ́ fóòmù sí lórí, tí pẹpẹ tàbí dúróà sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ọmọ sí láti pààrọ̀ páńpáàsì fún un. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, àyè tó ń gbà náà kò kéré.

Bí mo ṣe rí i sí ni pé ẹ̀yìn ẹni tí yóò máa pààrọ̀ ìlédìí náà, àti bí ilé yín ṣe fẹ̀ tó, ló yẹ kó dáhùn ìbéèrè yìí. Ohun tí ẹlòmíì rà kò kàn án. Ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa ni kò nílò rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí yóò yọ nínú ìrora gidi, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pe tiwọn ní àṣejù.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó, àti ìgbà tí yóò dín kù

Ọmọ tuntun máa ń lo ìlédìí bíi 8 sí 12 lójúmọ́. Bí ẹ bá fi 10 ṣírò rẹ̀, 300 nìyẹn nínú oṣù kan ṣoṣo, tòru-tọ̀sán. Ní gbogbo ìgbà náà ẹ ó tú u, ẹ ó nù ún, ẹ ó fi ìpara pa á, ẹ ó tún un dè. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì kúkúrú lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ ṣe é, ìbàdí yóò ti máa sọ̀rọ̀ kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé.

Bí ọmọ ṣe ń dàgbà, iye ìlédìí ń dín kù. Lẹ́yìn náà ni ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí yí ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, àwọn mìíràn ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ọmọ tó máa ń kéde ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ yí. Láti ìgbà náà lọ, orí tábìlì gíga ti di ibi ìjàkadì. Nígbà tó bá ń rá kòrò, tó ń di nǹkan mú dìde, ọ̀pọ̀ ìyá á ti padà sí ilẹ̀, tàbí kí wọ́n máa dè é fún un lórí ìdúró.

Nítorí náà, oṣù mẹ́fà sí méje àkọ́kọ́ ni tábìlì yìí máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ní ilé mìíràn ó lè tó ọdún kan. Ẹ fi iye oṣù yẹn pín owó tí wọ́n pè é, kí ẹ wo iye tó ń jẹ yín lóṣù kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi ara yín bóyá páńpáàsì, oúnjẹ ìyá ìkókó tàbí owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kò ní nílò owó náà jù ú lọ. Bí owó náà kò bá ní dí ohun pàtàkì kankan lọ́wọ́, ẹ máa bá ìgbésẹ̀ kejì lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ta ni yóò máa ṣe é?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, òun náà sì ni àwọn ènìyàn kì í bèèrè.

Ìyá tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún kì í lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Láti jókòó sílẹ̀ kó sì tún dìde jẹ́ ìnira fún un, kí á má tilẹ̀ sọ pé yóò bẹ̀rẹ̀ gbé ọmọ nílẹ̀. Fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, ibi gíga tí yóò dúró tì, tí kò ní tẹ ojú abẹ rẹ̀, ìtọ́jú ni. Bákan náà ni ẹni tí ẹ̀yìn ti ń dùn kí oyún tó dé, àti ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò gbà á láyè kó kúnlẹ̀. Bàbá ìkókó tó ga náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó máa bá yín gba iṣẹ́ òru, ibi tí kò ní í ká a lẹ́yìn kò yóò mú kó rọrùn fún un.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìyá àgbà ló ń bọ̀ wá ṣe ìtọ́jú ọmọ, ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi òróró pa á lára, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dè é ní ìlédìí. Ọmọ kò jìnnà sílẹ̀, ọwọ́ kò kúrò lára rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì sì gbà á mú. Mi ò rí ohun tí tábìlì fẹ́ fi kún ìyẹn. Bí ẹ bá rà á, ó ṣeé ṣe kí ẹ wá rí i pé aṣọ lẹ ń kó sí i lórí títí ìyá àgbà yóò fi padà sílé.

Ẹ lè dán an wò kí ọmọ tó dé. Ẹ kó ìrẹsì tó kílò 3 sínú àpò ìrọ̀rí, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì yín, kí ẹni tí yóò máa ṣe iṣẹ́ náà dúró tì í bíi pé ó ń pààrọ̀ ìlédìí, kó sì ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí tábìlì oúnjẹ, kó tún un ṣe. Ẹ tún tẹ́ aṣọ sílẹ̀, kó jókòó tì í. Ẹ ó rí ìyàtọ̀ kíákíá. Ibi tó dára kí orí tábìlì mọ ni ìsàlẹ̀ ìgúnpá díẹ̀, kí apá má bàa ga sókè, kí ẹ̀yìn má sì tẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà ga tó nǹkan bí sẹ̀ntímítà 85 sí 100, nítorí náà èyí tó bá ìyá mu lè má bá bàbá mu.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wọn àyè

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bó bá jẹ́ yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀ lẹ ń gbé, tí bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti kọ́ọ̀tù ọmọ ti gba gbogbo rẹ̀, ẹ má ra ohun tí ẹ ó máa fi ẹsẹ̀ kọ lóru.

Ẹ bèèrè gígùn àti fífẹ̀ tábìlì náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tàbí páálí sàmì sí ilẹ̀ ní ibi tí ẹ fẹ́ gbé e sí. Ẹ fi àmì náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ máa rìn yí i ká. Ṣé ilẹ̀kùn ṣì ń ṣí délẹ̀? Ṣé àyè wà fún ẹni tí yóò dúró níwájú rẹ̀? Kó má sún mọ́ fèrèsé tàbí okùn kọ́tìnì, kó má wà lábẹ́ pẹpẹ tí nǹkan lè já bọ́ láti orí rẹ̀, kí fáànù onídùúró àti sọ́kẹ́ẹ̀tì iná sì jìnnà sí ibi tí ọwọ́ ọmọ lè dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nílùú òyìnbó, ẹ rò ó dáadáa. Bí tábìlì bá wà lókè tí ẹ̀yin sì ń lo ọ̀sán nísàlẹ̀, ẹ kò ní máa gun àtẹ̀gùn ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá tọ̀. Ẹ ó wá ibi mìíràn nísàlẹ̀, tábìlì òkè á sì di ti òru nìkan.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wo ohun tó lè rọ́pò rẹ̀

NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ fún àwọn òbí pé ibi tó dára jù láti pààrọ̀ ìlédìí ni orí ẹní tàbí táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, kí ẹni tó ń ṣe é sì jókòó kí ẹ̀yìn má bàa dùn ún. Ìdí rẹ̀ kò le: ọmọ tó wà nílẹ̀ kò ní ibi tí yóò já bọ́ sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹnikẹ́ni bá ní ọmọ tí kò ní tábìlì kò ní ohun tó yẹ ọmọ.

Wọ́n tún ní ó dára jùlọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá ní ju ọmọ kan lọ. Ọ̀rọ̀ tó kan àwa Yorùbá nìyẹn, nítorí ìbejì kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa, Ìgbò-Ọrà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ nítorí ìbejì. Bí Táyé bá wà lórí tábìlì tí Kẹ́hìndé bá bẹ̀rẹ̀ sí ké nínú kọ́ọ̀tù, ẹsẹ̀ ìyá á fẹ́ lọ, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kúrò. Nílẹ̀, àwọn méjèèjì lè dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí ni pé kí wọ́n ra máàkíntọ́ọ̀ṣì tó nípọn tàbí ẹní rọ́bà onífóòmù tó ṣeé nù, aṣọ rírọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí wọn ó máa tẹ́ sórí rẹ̀, àti apẹ̀rẹ̀ kan tó ní ọwọ́. Inú apẹ̀rẹ̀ náà ni kí páńpáàsì, wáìpù tàbí òwú, ìpara, aṣọ ìpààrọ̀ kan, ọ̀rá tí wọn ó kó ìdọ̀tí sí àti tọ́ọ̀ṣì wà. Ẹ má gbàgbé tọ́ọ̀ṣì, nítorí iná kì í dúró de ọmọ kó yàgbẹ́ tán kó tó lọ. Apẹ̀rẹ̀ yìí á máa bá ọmọ lọ láti yàrá dé pálọ̀, ó sì lè bá a lọ sí ilé ìyá ìyá rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì lẹ fẹ́ lò, àárín bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, kì í ṣe etí, kí ẹ má sì ṣe kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ga tó láti ṣe ọmọ léṣe.

Ohun kejì tó lè rọ́pò rẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù onídúróà tí gíga rẹ̀ bá yín mu. Ẹ ó rà á fún aṣọ, ẹ ó fi ibi ìtẹ́mọsí tó ní etí sórí rẹ̀ fún oṣù díẹ̀, bí ọmọ bá dàgbà ẹ ó yọ èyí kúrò, kọ́bọ́ọ̀dù á sì wà. Bí mo bá fẹ́ náwó, ibí yìí ni mo máa ná an sí. Ẹ ṣáà kàn án mọ́ ògiri. Kọ́bọ́ọ̀dù tí dúróà rẹ̀ ṣí síta lè dojú dé ọmọ tó bá di í mú gùn, ikú sì ti ti ibẹ̀ wá lọ́pọ̀ ibi. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ìparí 2022 wáyé nítorí rẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò náà lè ṣe é. Ẹ gbé gíga tí ẹ fẹ́ lọ fún un, kí ẹ sì sọ fún un pé kó ṣe etí sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí etí náà ga ju fóòmù lọ dáadáa. Kó fá igi náà títí kò fi ní ẹ̀gún, kó sì lo ọ̀dà tí kò ní òjé. Kí ọ̀dà gbẹ pátápátá, kí òórùn rẹ̀ sì lọ, kí ọmọ tó dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ mẹ́rin yìí, ìdáhùn á ti hàn. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá ń bọ̀ láti inú iṣẹ́ abẹ tàbí ẹ̀yìn ń dùn ún, tí àyè wà, tí owó náà kò ní dí nǹkan mìíràn lọ́wọ́, ẹ rà á láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí kò bá sí, ẹní àti apẹ̀rẹ̀ ti tó. Bí ẹ kò bá sì tíì dá yín lójú, ẹ dúró. Ọmọ kò nílò rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e dé láti ilé ìwòsàn. Ẹ lo ẹní fún ọ̀sẹ̀ méjì, ara yín á sọ fún yín.

Ìgbésẹ̀ 5: Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí

Ẹ má ra èyí tí ẹ kò fọwọ́ kàn bí ẹ bá lè yẹra fún un. Ẹ di etí rẹ̀ mú, kí ẹ mì ín síwájú, sẹ́yìn, sí ẹ̀gbẹ́. Tábìlì tó ń mì nínú ṣọ́ọ̀bù yóò mì jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé.

Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí etí wà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó ga tó íǹṣì 2, ìyẹn nǹkan bí sẹ̀ntímítà 5, kí àárín fóòmù sì lọ sílẹ̀ díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ kí ọmọ má bàa yí lọ. Ẹ wo bẹ́líìtì rẹ̀ bóyá ó ń dè dáadáa, kí ẹ sì ka ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára pé ọmọ kò gbọ́dọ̀ wúwo kọjá. Bó bá jẹ́ ti Yúróòpù, ẹ wá EN 12221, ìyẹn nọ́ńbà ìlànà ààbò fún irú tábìlì yìí, lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ASTM F2388 ni. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ irú ìlànà yìí di dandan fún àwọn tó ń ṣe tábìlì náà ní 2018.

Tòkunbọ̀ dára bó bá pé. Ẹ yẹ gbogbo sukúrúù wò, nítorí èyí tí wọ́n tú palẹ̀ láti kó sínú ọkọ̀ ojú omi máa ń pàdánù ọ̀kan tàbí méjì. Ẹ wo inú ihò igi àti abẹ́ fóòmù bóyá ìdun tàbí kòkòrò tí ń jẹ igi wà níbẹ̀. Ẹ ra fóòmù tuntun bí ti àtijọ́ bá ti ya. Ẹ má gba èyí tí ọ̀dà àtijọ́ ti ń bó lára rẹ̀, nítorí ó lè ní òjé.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa dúróà tí mi ò lè fò. Àṣà wa ni láti fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ kí aáyán má bàa jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilẹ̀ wa ni a bí tí èròjà kan tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD kò tó lára wọn. Káńfọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fọ́, kí ibà pọ́njú mú un, bí wọn kò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. A kì í fi ojú mọ ọmọ tí kò ní in tó. Bí aṣọ bá ti wà pẹ̀lú káńfọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sóòrùn kí ẹ tó wọ̀ ọ́ fún ọmọ. Bí funfun ojú ọmọ tuntun bá ń pọ́n bí ìyeyè, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró wò ó nílé.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí ẹ ó ṣe máa lò ó

Kí gbogbo ohun tí ẹ nílò wà nítòsí kí ọmọ tó dé orí rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ yín dé láìyíjú ni kó wà, kó má sì jẹ́ ibi tí ọwọ́ ọmọ dé. Oògùn àti pàúdà kì í wà lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀, nítorí ọmọ tó ń rá kòrò yóò dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ fi ọwọ́ kan lé ọmọ ní gbogbo ìgbà. Ẹ de bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n ẹ má fi í rọ́pò ọwọ́. Bí fóònù bá dún, ẹ jẹ́ kó dún. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn tàbí tí ọbẹ̀ bá ń jó, ẹ gbé ọmọ náà lọ pẹ̀lú ìdí rẹ̀ ní ìhòòhò, kí ẹ wá parí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá padà. Kí ọmọ ọ̀dọ̀ àti ẹ̀gbọ́n ọmọ gbọ́ òfin yìí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò gbọ́dọ̀ dá dúró ti ìkókó lórí tábìlì, bó ti wù kí ó gbọ́n tó.

Bí ọmọ bá já bọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ dákẹ́ kíákíá. Bó bá ń bì, tó ń sùn lọ́nà tí kò jọ tẹ́lẹ̀, tí kò gbé apá tàbí ẹsẹ̀ kan, tí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní etí tàbí imú rẹ̀, ẹ má fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò, kí ẹ má sì bu omi sí i lórí.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìgbà tó yẹ kí ẹ gbé e kúrò

Lọ́jọ́ tí ọmọ bá ti ń yí ara rẹ̀ débi pé ọwọ́ kan kò tó láti dá a dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sílẹ̀, ì báà ṣẹ́ku oṣù mélòó kan kó tó pé ọdún. Kò sí ohun tó ní kí ẹ lò ó títí owó yín yóò fi pé. Bákan náà, bó bá ti wúwo tó ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀, iṣẹ́ ti tán.

Bí ẹ bá fẹ́ fún àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó lóyún, ẹ má tú u palẹ̀ láìya fọ́tò bó ṣe wà ní dídúró. Ẹ kó gbogbo sukúrúù àti bẹ́líìtì sínú ọ̀rá kan, kí ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì náà. Ẹ fi ọṣẹ fọ fóòmù rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ délẹ̀, kí ẹ sì bi ẹni tí ẹ fẹ́ fún léèrè bóyá àyè wà nílé rẹ̀ kí ẹ tó gbé e sí ọkọ̀.